Láti Ahéré dé Àgọ́: Bí Àwọn Ìjẹ̀bú Ti Ń Gbé Inú Igbó

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi í ronú pé ó lè má rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ Finland, ní ìhà àríwá Yúróòpù, níbi tí adágún omi ti lé ní 180,000, tí igbó sì bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, ilé onígi kéékèèké tí àwọn ará ìgboro kọ́ sí inú igbó àti etí omi lé ní 500,000. Bí oòrùn bá ti ń mú ní oṣù June àti July, tọkọtaya yóò ti ilẹ̀kùn ilé wọn ní ìgboro, wọn yóò kó ọmọ dání, ó di inú igbó. Níbẹ̀ wọn a máa pọn omi, wọn a máa la igi ìdáná, wọn a máa fi fìtílà wo ara wọn lójú ní alẹ́. Iṣẹ́ tí bàbá àgbà wa ń fi orúkọ ilé rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún pé òun yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, òun ni wọ́n ń náwó kí wọ́n tó rí ṣe. Lọ́dọ̀ tiwọn, oko ni àbọ̀ sinmi ilé.

Bí a bá sọ ìròyìn yìí fún àgbẹ̀ kan ní àgbègbè Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè pé, "Kí ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè òpè. Òun gan-an ni n ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú àròkọ yìí, nítorí pé nínú ìtàn Ìjẹ̀bú, ohun tí ènìyàn gbìn sí ẹ̀yìn ahéré rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá àlejò ni tàbí onílé.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀, nítorí pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ òde òní a máa pò wọ́n pọ̀. Ahéré ni ilé kékeré tí àgbẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sí oko, kí òjò má baà pa á, kí ó sì lè rí ibi sùn bí ilẹ̀ bá ṣú. Abà ni ibi tí ahéré mélòó kan wà pa pọ̀, tí àwọn ènìyàn sì ń pẹ́ níbẹ̀ fún oṣù tàbí fún ọdún. Àgọ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ibùwọ̀ ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà: ọdẹ, oníṣòwò, jagunjagun, ẹni tí ogun lé kúrò nílé. Bí ó bá jẹ́ ti ogun nìkan, a máa ń pè é ní bùdó. Ohun tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé, ní ẹnu Yorùbá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ilé. Ẹni tí ó ti gbé abà fún ogún ọdún, bí ẹ bá bi í pé ará ibo ni, orúkọ ìlú ni yóò dá fún yín, kì í ṣe orúkọ abà. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n kọ̀wé lórí ìlú Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, tí Akin Mabogunje ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ àgbà láàárín wọn, fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìṣòro ńlá: báwo ni ìlú tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè jẹ́ ìlú àgbẹ̀? Ìdáhùn náà wà nínú ahéré. Ará ìlú ni àgbẹ̀ wa, oko ni ó kàn ń sùn.

Irú oko méjì ni àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ń dá. Oko etílé ni èyí tí ó ń lọ ní òwúrọ̀ tí ó sì ń ti ibẹ̀ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Oko ẹgàn ni èyí tí ó jìnnà, ní abẹ́ ìrókò, arère, àfàrà àti ọ̀gànwó, níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá tí kò sì tíì sú fún iṣu. Ẹni tí ó bá ní oko ẹgàn kò lè máa wálé lójoojúmọ́. Nítorí náà, kí ó tó kọ ebè àkọ́kọ́, ahéré ni yóò kọ́ ná.

Kíkọ́ ahéré kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Igi tí orí rẹ̀ pín sí méjì ni a fi ń ṣe òpó, kí igi àjà lè jókòó sí àárín rẹ̀ láìsí ìṣó. Ìtàkùn ni okùn. Àwọn ará ilẹ̀ ọ̀dàn a máa fi bẹẹrẹ bo ilé, ṣùgbọ́n bẹẹrẹ kì í hù nínú igbó Ìjẹ̀bú, nítorí náà ewé gbọ̀dọ̀gì ni a ń já, tí a ń tò ó léra bí ìpẹ́ ẹja, kí omi máa gba orí ọ̀kan ṣàn sí orí èkejì títí yóò fi bọ́ sílẹ̀. Ní ìhà etí ọ̀sà, imọ̀ ọ̀pẹ àti ọ̀gọ̀rọ̀ ni wọ́n ń lò. Ògiri rẹ̀ kì í sábà ga, bí ó tilẹ̀ ní ògiri rárá. Iná ni olórí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Iná náà kì í kú ní òru: èéfín rẹ̀ ń lé ẹ̀fọn, ó ń yan àgbàdo tí a so rọ̀ sókè gbẹ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, kì í sì jẹ́ kí ewé orí ilé tètè jẹrà. Ahéré tí a bá fi sílẹ̀ láìdáná fún ọdún kan, ẹni tí ó bá padà síbẹ̀ yóò rí i pé òrùlé ti wọlẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ó wúlò fún òpìtàn: ahéré kì í fi àwókù sílẹ̀. Ìgbà tí ẹni tí ó kọ́ ọ bá lọ, igbó yóò gbà á padà, kò ní sí ohun tí ọmọ rẹ̀ lè na ọwọ́ sí pé èyí ni ilé bàbá mi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìjìyà nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ariwo agbo ilé bá sú, ahéré ni ó ń sá lọ. Níbẹ̀ ni ọmọdé ti ń gbọ́ àlọ́ láìsí ẹni tí yóò pè é níṣẹ́ láàárín rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ewùrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ro ìkọ́kọrẹ́, tí ẹran ìgbẹ́ sì ń wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ sọ́jà. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ wá gbilẹ̀, abà tí ó súnmọ́ odò di ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe gàrí, nítorí pé ẹ̀gẹ́ ń fẹ́ omi púpọ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú tí gbogbo Nàìjíríà ń fi omi tútù mu lónìí, ọmọ abà ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn a máa wálé. Bí ìpàdé ẹbí bá tó, bí àgbà bá kú, bí àwọn Agẹmọ bá ń jáde, abà yóò dá páropáro. Lẹ́yìn tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù fìdí múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ojúde Ọba, tí ó ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, di ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ ìpadàbọ̀ wọ̀nyí. Àwọn tí wọ́n ń wo ẹṣin àti aṣọ níbẹ̀ lóde òní kì í sábà rántí pé ìlú àgbẹ̀ àti oníṣòwò tí wọ́n ń sùn síta ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ inú ọdún ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wúlò fún jù lọ.

Òfin wo wá ni ó wà lórí ẹni tí ó ń sùn nínú igbó tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀? P. C. Lloyd, tí Ìjẹ̀bú wà lára ibi tí ó ti ṣe ìwádìí fún ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá tí ó jáde ní 1962, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáadáa, àwọn àgbà wa náà sì ń sọ ọ́ láìka ìwé. Àlejò a máa lọ bá onílẹ̀, a mú ohun mímu dání, a sì béèrè ibi tí yóò máa ro. Wọn kì í lé e. Yóò kọ́ ahéré, yóò gbin iṣu, yóò gbin àgbàdo, yóò gbin ẹ̀fọ́. Lọ́dọọdún yóò mú ìṣákọ́lẹ̀ wá, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, nítorí pé kì í ṣe iye rẹ̀ ni onílẹ̀ ń wò. Ohun tí ó ń wò ni pé àlejò ṣì rántí pé àlejò ni òun. Ọ̀pẹ tí ó bá ilẹ̀ náà, ti onílẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń kìlọ̀ fún un gidigidi pé kò gbọ́dọ̀ ṣe láìgba àṣẹ: kò gbọ́dọ̀ gbin igi tí yóò pẹ́. Iṣu, a ó wà á, ebè yóò tú ká. Obì yóò wà níbẹ̀ títí ọmọ yóò fi jogún rẹ̀, ẹni tí ó bá sì jogún igi kò ní pẹ́ kí ó tó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jogún ilẹ̀.

Ó yẹ fún àkíyèsí pé àwọn ará Finland náà ní irú òfin yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà dé ibẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni lè rìn nínú igbó ẹlòmíràn, ó lè já èso igbó, ó lè pa àgọ́ aṣọ síbẹ̀ fún òru kan. Ṣùgbọ́n kò lè gé igi, kò sì lè kọ́lé. Òru kan kò sọ ènìyàn di onílẹ̀ níbikíbi.

Àwọn kan a máa rò pé igbó tí a ń wí yìí ṣófo tẹ́lẹ̀, pé ẹranko nìkan ni ó ń gbé ibẹ̀ títí àgbẹ̀ fi dé. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrà ńlá tí a ń pè ní Eredo Súngbọ́, tí Lloyd kọ̀wé lé lórí ní 1959, tí Patrick Darling sì tún wọ̀n ní àwọn ọdún 1990, gba inú igbó Ìjẹ̀bú kọjá fún nǹkan bí 160 kìlómítà. Ẹni tí kò gbé inú igbó kò lè gbẹ́ irú rẹ̀ síbẹ̀. Ní igbó Òkòmù, ní ilẹ̀ Ẹdó, E. W. Jones sọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1955 àti 1956 pé èédú àti àpáàdì wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn rò pé ọkọ́ kò kàn rí. Ìwádìí tí ó jáde ní 1999 fi ọjọ́ orí èédú náà sí nǹkan bí 700 ọdún. Ẹgàn tí à ń pè ní ẹgàn, oko àwọn kan ni ó ti jẹ́ rí. Ahéré wọn ti wọlẹ̀, igi ti hù bò ó, orúkọ wọn sì ti parẹ́.

Ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni ó da ọ̀rọ̀ àgọ́ rú fún gbogbo Yorùbá. Lẹ́yìn ogun Òwu, tí àwọn Ìjẹ̀bú náà lọ́wọ́ sí, ọmọ ogun Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ kò túká. Ní nǹkan bí 1829 wọ́n wọ ìletò Ẹ̀gbá kan létí ọ̀dàn, wọ́n sì pàgọ́ síbẹ̀. Ìbàdàn ni. Kò sí ẹni tí ó pinnu láti tẹ ìlú dó lọ́jọ́ náà. Bùdó ni wọ́n pa. Ní àwọn ọdún 1830, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Àgọ́-Ọ̀jà ni Àtìbà sọ di Ọ̀yọ́ tuntun, ìtẹ́ Aláàfin sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀, ní sáà kan náà, àwọn ìletò kan kó ara wọn jọ sí ojú kan nítorí ìbẹ̀rù ogun, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ti ní ọba, ó ti ní Ẹbùmáwé, ó ti ní yunifásítì láti 1982, síbẹ̀ àgọ́ ni à ń pè é. Mo rò pé kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu àti ohun tí ojú rí ti yapa tó ibẹ̀ yẹn ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá àgọ́ etí omi tí ìtàn rẹ̀ hàn kedere, Ẹ̀pẹ́ ni ká lọ. Ní December 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ ọba kúrò, wọ́n sì fi Akíntóyè sí ipò rẹ̀. Kòsọ́kọ́ àti àwọn olóyè àti ọmọ ogun rẹ̀ gba ojú ọ̀sà sá wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ sì gbà wọ́n láàyè láti dúró sí Ẹ̀pẹ́, ní etí omi, níbi tí igbó ti pàdé ọ̀sà. Àgọ́ gan-an ni, nítorí pé ojú gbogbo wọn ń bẹ lọ́nà Èkó. Ní August 1853 wọ́n gbé ogun lọ síbẹ̀ láti gba ìlú wọn padà, wọn kò sì rí i gbà. Ní 28 September 1854, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá bá Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn: Kòsọ́kọ́ kò ní bá Èkó jà mọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà yóò sì gbà pé òun ni ó ni èbúté Palma àti Lẹ́kí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tí ó wà nínú àgọ́ ti ń gba owó orí ẹrù ní èbúté méjì.

Ní 1862, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó pátápátá ní August 1861, wọ́n jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ padà sílé. Ó padà, Èkó ni ó sì kú sí ní 1872. Ní tirẹ̀, àgọ́ ṣe ohun tí àgọ́ wí pé òun yóò ṣe: ó gbà á ní àlejò, ó sì sin ín sọ́nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó bá a wá ni ó bá a lọ. Pòsù, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè rẹ̀, dúró, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dúró tì í. Ní 1863 àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún gbé ogun bá Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ará Èkó náà kò lọ síbẹ̀síbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá, àwọn ọmọ tí wọn kò fojú rí Èkó rí ti ń wa ọkọ̀, wọ́n ti ń dẹ àwọ̀n, àwọn àgbà wọn ti kọ́ mọ́ṣáláṣí. Títí di òní ọ̀nà méjì ni Ẹ̀pẹ́ pín sí, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọba tirẹ̀, ọ̀ràn ta ni ó ni ilẹ̀ àti ta ni àgbà láàárín wọn kò sì tíì tán lẹ́nu. Ohun tí ìtàn Ẹ̀pẹ́ fi kún òfin àwọn àgbà ni pé ènìyàn lè fìdí múlẹ̀ láìgbin igi kankan. Lójú omi, ọmọ ni igi.

Lẹ́yìn tí ogun Ìmàgbọ̀n ti fọ́ agbára Ìjẹ̀bú ní May 1892, tí ọ̀nà sì ṣí, igi gan-an wá dé. Obì gbánja àti kòkó ni mo ń wí. Kòkó ń fẹ́ ilẹ̀ igbó, ó ń fẹ́ ibòòji, ó ń fẹ́ ọdún bíi márùn-ún kí ó tó so dáadáa, yóò sì máa so fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí onílẹ̀ ti ń kìlọ̀ rẹ̀ fún àlejò láti ìgbà ìwásẹ̀ wá di ohun tí gbogbo ayé fẹ́ gbìn. Àwọn onílẹ̀ mìíràn gbà, wọ́n kàn sọ ìṣákọ́lẹ̀ di owó tàbí kòkó gbígbẹ. Abà tí ó jẹ́ ti ọdún mẹ́ta di ti ìgbésí ayé ènìyàn. Páànù bẹ̀rẹ̀ sí rọ́pò gbọ̀dọ̀gì. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ bá rí abà tí ó ní páànù, kòkó wà nítòsí.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò dúró títí igbó yóò fi tán. Ní 1925 wọ́n fi òfin pa igbó Ọmọ mọ́, ní ìhà ìlà oòrùn Ìjẹ̀bú, tí fífẹ̀ rẹ̀ lé ní 1,300 kìlómítà níbùú lóròó. Ní 1946 wọ́n tún ya apá kékeré kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, nǹkan bí 460 hẹ́kítà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan igi ibẹ̀ rárá. Ní 1977 àjọ UNESCO ka igbó Ọmọ mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé ń ṣọ́. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó kọjú sí Ọ̀rẹ̀, yóò gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí àwọn fọ́rẹ́sìtì jẹ́, ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún ibẹ̀. Wọ́n pín igbó náà sí ọ̀nà lórí àwòrán ilẹ̀, wọ́n sì kọ J1, J3, J4 àti J6 sí i. Iṣẹ́ gẹdú bẹ̀rẹ̀ ní J4, àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ dìde níbẹ̀, àgọ́ náà sì di ìlú. Ìlú náà wà títí di òní, J4 ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Mo mọ̀ pé àwọn Yorùbá lè ki ohunkóhun, ṣùgbọ́n n kò rò pé akéwì kan wà tí yóò rí oríkì fún lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan.

Nínú igbó Ọmọ ni òfin àwọn àgbà ti tún jí, ní ẹnu àwọn tí kò mọ̀ pé òfin àwọn àgbà ni. Àwọn fọ́rẹ́sìtì mú ètò kan wá láti ilẹ̀ Bọ́mà tí à ń pè ní taungya. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbin igi tíìkì tàbí mẹ̀láínà, wọn a fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ láti ṣán, kí ó gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu sí àárín àwọn igi kéékèèké náà. Yóò máa ro wọ́n, yóò máa jẹun, yóò máa tà. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí ewé igi bá ti pàdé lókè tí oòrùn kò wọlé mọ́, yóò palẹ̀ mọ́, yóò lọ. Kò gbọ́dọ̀ gbin kòkó. Ó lè kọ́ ahéré, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbin igi tirẹ̀. Ìjọba ti di onílẹ̀, àgbẹ̀ sì ti di àlejò. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni ohun mímu àti ìkíni.

Mẹ̀láínà bo ilẹ̀ púpọ̀ nínú igbó Ọmọ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ń kọ́ ilé iṣẹ́ ìwé sí Ìwòpin ní etí ọ̀sà, igi náà ni wọn yóò sì fi ṣe ìwé. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí a ti retí. Igi dúró, kò sí ẹni tí ó ń lò ó fún ìwé, àwọn onípákó wọlé tọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti gé igi tán, tí ìjọba kò sì tún un gbìn, kò pẹ́ tí kòkó fi ń hù níbẹ̀. Ta ni yóò gbin ẹ̀gẹ́ sí ibi tí ó lè gbin kòkó?

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé abà pọ̀ nínú igbó tí òfin sọ pé kí ènìyàn má gbé. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tipẹ́, àwọn mìíràn dé lẹ́yìn. Àwọn kan jẹ́ Ìjẹ̀bú, ọ̀pọ̀ sì wá láti ìhà Yorùbá mìíràn àti láti ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ ọ̀kan nínú àwọn abà náà: Ajébándélé. Ajé bá mi dé ilé. Ẹni tí ó sọ orúkọ yìí kò rò ó pé òun ti délé. Ó wà nínú ahéré, ó ń dúró de ajé, ó sì ń wo ọ̀nà ilé, gẹ́gẹ́ bí Kòsọ́kọ́ ti ń wo ọ̀nà Èkó. Orúkọ àlejò ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí sí abàkábà nínú igbó náà kò ní ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò máa wò, àti pé kòkó tí bàbá wọn gbìn ti dàgbà jù wọ́n lọ.

Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní 1978 tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i, nítorí pé ó kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Onílẹ̀ àtijọ́ kò lè gba ìṣákọ́lẹ̀ lábẹ́ òfin nínú igbó tí ìjọba pa mọ́, àgbẹ̀ kò sì lè tọ́ka sí ẹni tí ó fún un láàyè. Ìwé àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, bí ó bá wà rárá, ti taungya ni, ọjọ́ rẹ̀ sì ti kọjá. Ní ọdún 2024, owó kòkó ní ọjà àgbáyé ga kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ti wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n igi tí wọ́n gbìn ní ọdún náà kò mọ̀ pé owó ti wálẹ̀. Yóò máa dàgbà ni.

N kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kí a lé wọn, n kò sì lè sọ pé kí a fi igbó náà sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá sọ pé arúfin ni wọ́n, kí ó rántí pé àgọ́ arúfin kan ni Ìbàdàn jẹ́ lójú Ẹ̀gbá tí ó ni ilẹ̀ náà, kí ó sì rántí ẹni tí ó kó gẹdú àti mẹ̀láínà wọ inú igbó. Ẹni tí ó bá sì sọ pé ẹni tó ti pẹ́ ti di onílé, kí ó wá wí fún mi ibi tí erin yóò lọ. Erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ, ní ìrìn wákàtí díẹ̀ sí ìlú tí a ti ń kàwé yìí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Ìjagun ni kò mọ̀. Erin kì í ní abà. Ilẹ̀ gbogbo ni ahéré rẹ̀, ó ń rìn láti ibi kan dé ibòmíràn bí èso ti ń pọ́n, ibi tí ó bá sì ti bá kòkó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́, yóò wọ inú rẹ̀. Ìgbà náà ni àgbẹ̀ yóò ké pé erin ba oko òun jẹ́. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ni àlejò?

Láti ọdún díẹ̀ wá, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹranko ti kó ẹ̀ṣọ́ wọ inú igbó náà. Ọmọ àdúgbò ni púpọ̀ nínú wọn. Ọdẹ àti onígẹdú ni àwọn mìíràn ti jẹ́ rí. Wọ́n ń rìn káàkiri fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó jáde, wọ́n ń wá ìbọn ọdẹ, wọ́n ń wá ẹ̀rọ tí ń gé igi, wọ́n ń wó ahéré tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ní ibi tí kò yẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a wá ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ lẹ́bàá odò, wọn a dáná, wọn a sì pàgọ́ tiwọn.